Ọ̀jọ̀gbọ́n Obìnrin Kan Láàárín Wa: Ìgbésí Ayé Abíọ́dún Ọmọlará Ògúndípẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àpéjọ àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ nígbà àjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa



Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọyọ̀ ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí obìnrin kan tí ìgbésí ayé rẹ̀ lè jẹ́ àwòkọ́ fún àwọn ọmọbìnrin ìjọ, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni kí a mú ẹnì kan nínú Ìwé Mímọ́, bóyá Dèbórà, tàbí Lídíà tí ń ta aṣọ elésèé àlùkò. A mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti retí. Ṣùgbọ́n a rò ó títí, a sì rí i pé a ti ń gbọ́ ti àwọn ìyá wọ̀nyí láti orí àga ìwàásù fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí a mú tọ̀ yín wá lónìí kò jìnnà sí wa rárá. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí ni ó ti lo ìgbẹ̀yìn ọjọ́ ayé rẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2019, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 78. Abíọ́dún Ọmọlará Ògúndípẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ lítíréṣọ̀. Àwọn tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ ní òkèèrè mọ̀ ọ́n sí Molara Ogundipe-Leslie.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan. Obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tí ń sọ ohun tí etí ń fẹ́ gbọ́. Ó bá àwọn amúnisìn wí, ó bá àṣà ilẹ̀ baba rẹ̀ wí, ó bá àwọn ọkùnrin wí, kò sì fi àwọn obìnrin sílẹ̀. Ẹnì kan lè bi wá léèrè pé kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ìwé ìrántí ìjọ Ọlọ́run. Ẹ fi sùúrù gbọ́ wa.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1940 ni a bí i ní ìlú Èkó, sínú ìdílé àwọn olùkọ́ àti àwọn àlùfáà. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìwé kò wọ́n níbẹ̀, àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́ kì í yẹ̀, a kì í sì í jiyàn púpọ̀ bóyá ọmọbìnrin yóò lọ sí ilé ìwé tàbí kò ní í lọ. Ojú ọ̀nà tí ó bá nílẹ̀ kì í ṣe ojú ọ̀nà tí ó là fúnra rẹ̀, àwọn kan ni wọ́n ti fi ọwọ́ wọn ro ó.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1859 ni àwọn C.M.S. dá Grammar School sílẹ̀ ní Èkó fún àwọn ọmọkùnrin. Ọdún mẹ́wàá gbáko kọjá kí wọ́n tó dá ti àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, ní 1869. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti ìtọ́jú ilé gba àyè púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ìgbà náà rò pé ohun tí a ń kọ́ ọmọbìnrin fún ni kí àlùfáà àti olùkọ́ lè rí aya tí ó mọ̀wé fẹ́. A kò wí èyí láti fi àwọn tí ó ti lọ ṣẹ̀sín. Ilé ìwé kan náà ni ó tọ́ Kofoworola Moore dàgbà, ẹni tí ó di Lady Ademola, tí ó sì jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba oyè ní Yunifásítì Oxford, ní ọdún 1935. Ní 1950 ni ilé ìwé ọ̀hún dàpọ̀ mọ́ ti Kúdẹtì ní Ìbàdàn, tí àwọn méjèèjì di St. Anne's. Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, nígbà tí ó di 1914 ni Grammar School ìlú náà tó gba ọmọbìnrin. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé ni Fúnmiláyọ̀ Thomas, tí ó wá di aya Àlùfáà Ransome-Kuti, tí ó sì kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ nítorí owó orí títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Ọmọlará nígbà náà.

Queen's School tí ó wà ní Ẹdẹ, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1952, ni ó lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ University College ní Ìbàdàn, tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1963 ó yege nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ipò kìíní, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba irú ipò bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún. Kì í ṣe obìnrin àkọ́kọ́ nìkan ni a wí. Ẹni àkọ́kọ́ ni, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ẹ ro ohun tí ó wà níwájú irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ìwé Chinua Achebe, Things Fall Apart, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 1958 ni. Ní ti obìnrin Nàìjíríà tí ó kọ ìwé ìtàn gígùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, kò tíì sí. Ọdún 1966 ni Flora Nwapa tó gbé Efuru jáde, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Ọmọlará ti gba oyè rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó gba ipò kìíní yìí ka ìwé títí, kò sì rí obìnrin bí ìyá rẹ̀ kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Èrò wa ni pé láti inú àìrí yìí ni iṣẹ́ ayé rẹ̀ ti yọ.

A kò ní dúró pẹ́ lórí àwọn ibi tí ó ti kọ́ni. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ó kọ́ni ní Ogun State University ní Àgọ́-Ìwòyè, ó kọ́ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní ibòmíràn. Yunifásítì Leiden ní ilẹ̀ Họ́láńdì ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, nínú ìmọ̀ bí a ti ń hun ìtàn. Ó jẹ́ akéwì pẹ̀lú. Ní 1985 ni ìwé ewì rẹ̀ jáde, tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Sew the Old Days, bí ẹni ń wí pé kí a mú ọjọ́ àtijọ́ kí a rán an. Nígbà tí a bá rántí abẹ́rẹ́ tí a fi lé àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́ ní 1869, orúkọ ìwé náà a máa pa wá lẹ́rìn-ín.

Nǹkan tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí. Ní ìgbà tí Ọmọlará ń kọ̀wé, àwọn ọ̀mọ̀wé, dúdú àti funfun, ń wí pé obìnrin Áfíríkà kò ní ohùn, pé ẹnu rẹ̀ dí, pé ẹlòmíràn ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Kò gbà. Ó bi wọ́n pé, ṣé lóòótọ́ ni obìnrin kò sọ̀rọ̀, àbí ẹ̀yin ni ẹ kò wá ohùn rẹ̀ sí ibi tí ó wà? Ẹni tí ó bá ń wá ohùn obìnrin Yorùbá nínú ìwé ìpàdé àwọn ìjòyè àti nínú àkọsílẹ̀ àwọn aláṣẹ kò ní rí púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó lọ sí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ níbi tí ìyàwó ti ń sun ẹkún ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ, kí ó gbọ́ bí ọmọbìnrin ti ń fi ohùn arò dágbére fún baba àti ìyá, tí ó sì ń sọ ohun tí kò jẹ́ sọ ní ọjọ́ mìíràn. Kí ó lọ sí àgbàlá níbi tí àwọn obilé ti ń ki oríkì orílẹ̀, tí wọ́n ń ka àwọn baba ńlá láti ìran dé ìran láìwo ìwé. Kí ó jókòó ti ìyá àgbà tí ń pa àlọ́ ní alẹ́. Ìwé ni, bí a kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní 1994, òun àti Carole Boyce Davies ṣe olóòtú odindi ìwé ìwádìí kan lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin gẹ́gẹ́ bí ọlọ́gbọ́n ohùn ẹnu ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí ẹnikẹ́ni má baà tún wí pé òun kò mọ̀.

Nínú ìjọ tiwa yìí ńkọ́? A ń kọ orin inú ìwé orin, a sì mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí a tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ṣùgbọ́n àwọn orin tí ń dìde ní ìpàdé àwọn ìyá, tí ẹnì kan dá sílẹ̀ lórí eékún, tí gbogbo wa sì gbà, tí ó ti ń bẹ lẹ́nu wa láti ogójì ọdún, ta ni ó mọ ẹni tí ó ni wọ́n?

Ní 1987 ó kọ àròkọ kan nípa ohun tí ó di dandan fún obìnrin òǹkọ̀wé. Ó ní obìnrin tí ó mú kálámù jẹ gbèsè mẹ́ta: kí ó jẹ́ òǹkọ̀wé tòótọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó jẹ́ obìnrin tí ó ń sọ òtítọ́ nípa ìgbésí ayé obìnrin, kí ó sì rántí pé ọmọ ilẹ̀ tí a ti jẹ gàba lé lórí ni òun. Èyí àkọ́kọ́ ni a fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé bí inú ẹni bá ti dùn sí ọ̀rọ̀, ó ti tó; òun ní kò tó, àfi kí a kọ́ iṣẹ́ náà bí alágbẹ̀dẹ ti ń kọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó mú òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti òkè mẹ́fà, tí ó kọ ní àwọn ọdún 1980. Mao Tse-tung ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn òkè tí ń bẹ lẹ́yìn àwọn ènìyàn rẹ̀, pé ti obìnrin fi ọ̀kan ju ti ọkùnrin lọ. Ọmọlará yá àpèjúwe náà, ó ní ti obìnrin Áfíríkà jẹ́ mẹ́fà. Òkè kìíní ni ìnira tí ó ti òde wá, ti àwọn amúnisìn àti ti àwọn tí wọ́n ń mú wa sìn lọ́nà mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Ìkejì ni ẹrù àṣà tí a jogún. Ìkẹta ni ìfàsẹ́yìn rẹ̀, òṣì àti àìmọ̀kan tí ìmúnisìn fi sílẹ̀. Ìkẹrin ni àwọn ọkùnrin rẹ̀. Ìkarùn-ún ni ẹ̀yà rẹ̀, nítorí bí a ti pín ọrọ̀ ayé ní ìbámu pẹ̀lú àwọ̀ ara. Ìkẹfà ni òun fúnra rẹ̀, èyí sì ni ó kà sí pàtàkì jù lọ.

Kí a tó wá síbí, a ka àwọn òkè wọ̀nyí fún àwọn ìyá mélòó kan nínú ìjọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìkẹrin. Wọ́n dákẹ́ sí ìkẹfà.

A rò pé a mọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́. Ta ni ó ń sọ fún ọmọbìnrin pé kí ó dìde kúrò nídìí ìwé kí ó lọ fọ abọ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin na ẹsẹ̀ sórí àga? Kì í ṣe amúnisìn. Bí owó ilé ìwé kò bá tó fún àwọn ọmọ méjèèjì, tí ọ̀kan yóò sì gbé igbá ọjà lórí, ọwọ́ ta ni ó máa ń gbé igbá náà lé ọmọbìnrin lórí? Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń tajà tí wọ́n ń san owó ilé ìwé ní ọ̀pọ̀ ilé, a yìn wọ́n. Síbẹ̀ owó tí obìnrin fi òógùn rẹ̀ wá ni a ti fi fa ọmọ obìnrin mìíràn sẹ́yìn. Ọmọlará mọ̀ pé ìyá náà kò burú. Ó ní òkè ni ó gbé pọ̀n, ó ti pọ̀n ọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé ẹ̀yìn ara òun ni.

Òkè kìíní àti ìkejì ni ó kan àwa ọmọ ìjọ jù, kò sì yẹ kí a gbójú fò wọ́n. Kí òyìnbó tó dé, obìnrin Yorùbá ní ọjà, ó ní oyè. Tinúubú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, kò sì sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti gbàgbé rẹ̀ bí a bá ń gbìmọ̀ ogun. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dé, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń wá bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin nìkan ni wọ́n fi jókòó nínú ìgbìmọ̀, ọ̀ràn yìí sì wà nínú ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi ké gbàjarè. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni Ọmọlará ń tọ́ka sí nígbà tí ó wí pé ìmúnisìn dín ipò obìnrin kù. Àwọn kan mú èyí, wọ́n sì ń fi wí pé gbogbo ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ó dára. Òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé àṣà wa pẹ̀lú ti di ẹrù lé obìnrin lórí, ìdí nìyí tí ó fi kà á mọ́ àwọn òkè. Àwọn baba wa tí ó mú Ìhìn Rere wá kò bọ́ pátápátá lọ́wọ́ ìwà ìgbà wọn. Wọ́n fún ọmọbìnrin ní ìwé, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì júwe ilé ìdáná fún un. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra; àwa gbà pé ọmọ ilé àlùfáà lè bá ilé àlùfáà wí bákan náà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó kọ ni àwa fọwọ́ sí. Ó dùn wá pẹ̀lú pé èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó le díẹ̀, ni ó fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, tí obìnrin aláta ní ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó kò fi lè ka ohun tí a kọ nípa òun. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀tá ọkùnrin ni. Nínú ìwé rẹ̀ Re-Creating Ourselves, tí ó jáde ní 1994, ó dá ọ̀rọ̀ tuntun kan sílẹ̀, STIWA, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe àwùjọ tí ó ka obìnrin mọ́ra ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó sú u láti máa bá àwọn ènìyàn jiyàn bóyá obìnrin òyìnbó ni òun ń fara wé. Ó ní kí a gbàgbé orúkọ náà, kí a wo iṣẹ́. Àtúnṣe ilé tí baba nìkan gbìmọ̀ rẹ̀ kì í pé. Èyí tí ìyá nìkan gbìmọ̀ rẹ̀ náà kò ní pé.

Kò sì dúró lórí ìwé. Ó wà lára àwọn obìnrin tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Áfíríkà olùwádìí sílẹ̀ ní Dakar ní ọdún 1977. Ó wà lára àwọn tí wọ́n dá Women in Nigeria sílẹ̀ ní 1982, ẹgbẹ́ tí ó gba ọkùnrin láàyè láti wọlé, tí wọ́n sì wọlé lóòótọ́. Ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tí ó lè jókòó sí ilẹ̀ òkèèrè, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó padà sí, tí ó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin sọ́nà.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣí ìwé ìrántí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí sí ojú ewé tí a kọ orúkọ àwọn tí ó dá ìjọ yìí sílẹ̀ sí. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. A bọ̀wọ̀ fún wọn, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wa pé àwọn obìnrin ni wọ́n ru omi àti iyanrìn tí a fi po amọ̀ ògiri àkọ́kọ́, pé wọ́n ń ti odò bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí ọjà. Nígbà tí a béèrè orúkọ wọn, ohun tí a rí gbà ni ìyá lágbájá àti aya tàmẹ̀dò. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti gbé ìwé òfìfo kan sórí tábìlì ní yàrá ìgbìmọ̀ ìjọ, yóò sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Ìkórè. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀ bá wà nínú àwọn tí ó ru omi náà, kí ó lọ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó lọ sílé lónìí; orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ ni kí ó kọ, kí ó má ṣe kọ ti ọkọ, kí ó má sì ṣe kọ ti ọmọ.